Ìwé ni alábẹ̀wò ń wò, àbí ọmọ? Ìjíròrò lórí àbójútó ìjọba lórí àgbàtọ́ àti ìsọdọmọ

Adúrótọmọ (ẹni tó dá ìjíròrò sílẹ̀):

Ẹ̀yin ará wa, mo kí yín. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan kọ ọ́ síbí pé àbójútó tí ìjọba ń ṣe lórí àwọn alágbàtọ́ àti àwọn tó fẹ́ sọ ọmọ ẹlòmíràn dọmọ kò ju ìyọlẹ́nu lásán lọ, àti pé ẹni tó láàánú lójú kò yẹ kó máa fi ìwé ọlọ́pàá, ìwé dókítà àti àyẹ̀wò ilé wá ẹ̀rí fún àánú rẹ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó hàn pé ọkàn ẹni tó kọ ọ́ gbọgbẹ́, n kò sì fẹ́ fi iyọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, nítorí ó dá mi lójú pé ohun tó ń dun àwọn tó ń gba ọmọ àti ohun tó ń pa ọmọ lára, orísun kan náà ni méjèèjì ti ń ṣàn wá: ìwé ni alábẹ̀wò ń wò, kì í wo ọmọ.

Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú, àgbàtọ́ tí mo ń wí ni pé kí ẹlòmíràn máa tọ́ ọmọ fún ìgbà kan, nígbà tí ẹ̀tọ́ òbí ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó bí i tàbí lọ́wọ́ ìjọba. Ìsọdọmọ ni èyí tí aláṣẹ gbé ẹ̀tọ́ náà lé òbí tuntun lọ́wọ́ pátápátá. Àdéhùn lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní ọdún 1989, sọ̀rọ̀ lórí méjèèjì. Abala 20 ní ọmọ tí kò sí lábẹ́ òrùlé òbí rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ààbò àrà ọ̀tọ̀ láti ọwọ́ ìjọba. Abala 21 ní aláṣẹ tí òfin yàn nìkan ló lè fọwọ́ sí ìsọdọmọ. Abala tí àwọn ènìyàn kì í sábà rántí ni 25, èyí tó ní ọmọ tí aláṣẹ bá fi sábẹ́ ìtọ́jú ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ rí ẹni tí yóò máa yẹ ìtọ́jú náà wò látìgbàdégbà. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀tọ́ ọmọ ni wọ́n pè é. Wọn kò pè é ní iṣẹ́ ọ́fíìsì.

Ní oṣù kìíní ọdún 1945, ọmọ ọdún méjìlá kan tó ń jẹ́ Dennis O'Neill kú ní oko kan ní Shropshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti fi òun àti àbúrò rẹ̀ ṣe àgbàtọ́. Ebi àti lílù ló pa á, ilé ẹjọ́ sì rán ọkùnrin tó gbà á tọ́ lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́fà. Aláṣẹ ìbílẹ̀ kan ló fi í síbẹ̀, aláṣẹ ìbílẹ̀ mìíràn ló ni agbègbè tí oko náà wà, ìwé sì ń lọ, ó ń bọ̀ láàrin àwọn méjèèjì nígbà tí ọmọ ń rù. Ikú yìí wà lára ohun tó bí òfin ọmọdé ti ọdún 1948 níbẹ̀, èyí tó pa á láṣẹ pé kí aláṣẹ ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan yan òṣìṣẹ́ kan tí ọ̀rọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò wà lọ́rùn rẹ̀. Ìbéèrè mi fún yín kò pọ̀: ta ló fojú ara rẹ̀ rí ọmọ náà, ìgbà wo ló rí i, ta ló sì wà nítòsí nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀?

Ìyá Ẹ̀bùn ń fèsì:

Adúrótọmọ, èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ ṣeun tí ẹ kò bú mi. Ọdún mẹ́ta àti oṣù márùn-ún ni èmi àti ọkọ mi fi dúró. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wá sílé wa, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì bẹ̀rẹ̀ látorí ìbéèrè àkọ́kọ́ bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò tíì wá rí. Ẹni kẹta wọn fèrèsé, ó ka iye àga, ó ṣí fìríìjì. Ó bi mí nípa oyún tó bàjẹ́ lára mi. Mo sọ ọ́ nígbà kẹta, mo sì sunkún nígbà kẹta. Bí mo bá pe èyí ní ìyọlẹ́nu, mo rò pé mo ní ẹ̀tọ́ láti pè é bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí n kò sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọjọ́ tí ilé ẹjọ́ fi òǹtẹ̀ lu ìwé wa ni gbogbo wọn dákẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Ẹ̀bùn nígbà náà. Fún oṣù méjì gbáko ni kì í sùn mọ́jú. Á dìde lóru, á wọ bàtà, á lọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ wá gbé. Mo pe ọ́fíìsì náà. Obìnrin tó gbé fóònù sọ fún mi tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pé wọ́n ti ti fáìlì náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì lọ jókòó ti ọmọ náà nílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí n kò tíì ní ọmọ, gbogbo ojú ìjọba ni ó wà lára mi. Nígbà tí mo wá ní ọmọ, kò ku ojú kan.

Adúrótọmọ:

Ìyá Ẹ̀bùn, ẹ kú ìrọ́jú. Ohun tí ẹ kọ yìí ti yí èrò mi padà lápá kan, nítorí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ṣáájú òǹtẹ̀ ilé ẹjọ́ nìkan ni mo ń rò. Ní ọdún 2013, iléeṣẹ́ ìròyìn Reuters gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn òbí ní Amẹ́ríkà tí ọ̀rọ̀ ọmọ tí wọ́n sọ dọmọ ti sú, tí wọ́n sì ń polówó ọmọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí wọn yóò fi rí àjèjì tí yóò gbà á. Ìwé agbára lásán, ìyẹn ìwé tí ènìyàn fi ń fún ẹlòmíràn láṣẹ láti ṣojú òun, tí akọ̀wé òfin lu lóǹtẹ̀, ni òmíràn nínú wọn fi ń fa ọmọ lé àjèjì náà lọ́wọ́. Púpọ̀ nínú ọmọ wọ̀nyẹn ni wọ́n ti òkè òkun mú wá. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan tó mọ̀, nítorí pé lójú òfin, òbí wọn ti di òbí, fáìlì sì ti di títì.

Alábẹ̀wò ń fèsì:

Ìyá Ẹ̀bùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fi ń bẹ ọmọ àgbàtọ́ wò. Ìdí tí òṣìṣẹ́ mẹ́ta fi wá sílé yín ni pé ẹni àkọ́kọ́ ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹnì kejì náà sì ti lọ. Iṣẹ́ yìí ń mú ènìyàn sá. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá sì lọ, ìwé nìkan ni ó ń fi sílẹ̀. Ìmọ̀ tó ní nípa ọmọ náà yóò bá a lọ.

Òfin tó dára kò ṣọ̀wọ́n. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ rí ọmọ láàrin ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n bá fi í sílé alágbàtọ́, lẹ́yìn náà kò gbọdọ̀ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ láàrin ìbẹ̀wò kan àti òmíràn ní ọdún àkọ́kọ́, ó sì gbọ́dọ̀ bá ọmọ sọ̀rọ̀ ní òun nìkan bí kò bá sí ìdí pàtàkì tí kò fi yẹ. Ẹlòmíràn tún wà, tí kì í ṣe òun ló ń tọ́jú fáìlì, tó ń ṣe àtúnyẹ̀wò: láàrin ogún ọjọ́ iṣẹ́, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ní Amẹ́ríkà, òfin àpapọ̀ ń béèrè pé kí òṣìṣẹ́ máa rí ọmọ àgbàtọ́ lóṣooṣù. Níbi tí ó ti ń bàjẹ́ ni pé nígbà tí òṣìṣẹ́ kan bá ní ọmọ púpọ̀ lọ́wọ́, ohun tí ọ̀gá rẹ̀ lè kà ni yóò kọ́kọ́ ṣe. Ọ̀gá lè ka fọ́ọ̀mù. Kò lè ka ìgbà tí mo fi jókòó sórí àtẹ̀gùn tí mo ń dúró kí ọmọ lanu.

Ọmọ kan wà tí mo bẹ̀ wò fún oṣù márùn-ún. Nínú pálọ̀, tí obìnrin tó gbà á tọ́ bá wà ní kíṣìnì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, gbogbo ìdáhùn rẹ̀ ni "dáadáa ni." Lọ́jọ́ kan mo ní kó sìn mí dé ẹnu géètì. Kò sọ ohunkóhun títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀, ó wá bi mí pé, "Ìwé tí ẹ máa ń kọ yẹn, ṣé Màmá máa kà á?" Ìbéèrè yẹn nìkan ni, kò fi nǹkan mìíràn kún un. Mo padà sí ọ́fíìsì, mo sì kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, nítorí ọmọ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ kì í béèrè ẹni tí yóò ka ìwé. Láti ọjọ́ náà, mi ò tún bá ọmọ kankan sọ̀rọ̀ nínú pálọ̀ mọ́.

Baba Ìbejì ń fèsì:

Mo gba ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ ti sọ, ṣùgbọ́n ẹ dá mi dúró síbì kan. Ọmọ tí mo fi sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ìjọba náà ni yóò wá máa bi í bóyá ó ti jẹun? Mọ̀lẹ́bí ti ń bá ara wọn tọ́mọ kí ìjọba tó wà. Ẹ̀yin sì gbọ́dọ̀ gbà pé ìjọba fúnra rẹ̀ ti fi orúkọ àbójútó ja ọmọ gbà lọ́wọ́ òbí. Ní Australia, fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń kó ọmọ àwọn ọmọ onílẹ̀, àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, kúrò lọ́dọ̀ ìyá wọn. Ọdún 2008 ni olórí ìjọba wọn, Kevin Rudd, tó dìde nílé aṣòfin láti tọrọ àforíjì. Ní ọdún 2013, Julia Gillard, tó di olórí ìjọba lẹ́yìn rẹ̀, tún tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ìyá tí wọn kò tíì lọ́kọ tí wọ́n fagbára gba ọmọ wọn fún ìsọdọmọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba ló kó àwọn ọmọ náà, pẹ̀lú ìwé tó pé.

Adúrótọmọ:

Baba Ìbejì, ẹ̀rù tó ń bà yín tọ́ láti máa ba gbogbo wa. Ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ lórí ìtọ́jú ọmọ ní 2009 sọ ọ́ kedere pé òṣì nìkan kò tó ìdí láti gba ọmọ lọ́wọ́ òbí, pé ohun tí òṣì ń sọ fún ìjọba ni pé kí ó ran ilé náà lọ́wọ́. Nítorí náà, àbójútó gidi ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí òṣìṣẹ́ ti fẹ́ gbé ọmọ: adájọ́ gbọ́dọ̀ bi í pé kí ni ó ti ṣe kí ọmọ lè dúró sílé.

Ní ti mọ̀lẹ́bí, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò dá sí ọ̀dọ̀ ìbátan tó sún mọ́ ọmọ pẹ́kípẹ́kí, bí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí, tàbí òbí àgbà. Ẹni tó bá kọjá ìyẹn, tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún fẹ́ lò tó ọjọ́ 28 lọ́dọ̀ rẹ̀, gbọ́dọ̀ jẹ́ kí aláṣẹ ìbílẹ̀ mọ̀. N kò lè ka òfin yìí kí n má rántí Victoria Climbié. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, wọ́n bí i ní Ivory Coast, àwọn òbí rẹ̀ sì fà á lé ìbátan kan lọ́wọ́ nítorí ẹ̀kọ́. Ó kú ní London ní oṣù kejì ọdún 2000, dókítà sì ka ọgbẹ́ 128 lára rẹ̀. Lord Laming, tí ìjọba ní kó ṣe ìwádìí ikú rẹ̀, kọ ọ́ ní 2003 pé ó kéré tán, ìgbà méjìlá ni àǹfààní wà láti gba ọmọ náà sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn rí i, ọlọ́pàá mọ̀ nípa rẹ̀, ilé ìwòsàn méjì gbà á wọlé. Èdè Faransé ló ń gbọ́, ẹnu obìnrin tó ń lù ú ni wọ́n sì ń gba gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìbátan ni obìnrin náà. Bí mo bá ń béèrè pé kí ẹnì kan bá ọmọ sọ̀rọ̀ ní òun nìkan, ní èdè tó gbọ́, kì í ṣe nítorí pé mo kórìíra mọ̀lẹ́bí.

Baba Ìbejì:

Mo ti gbọ́. Mo dúró lórí ọ̀rọ̀ mi nípa Australia, ṣùgbọ́n mo gba ti èdè àti ti ọmọ ní òun nìkan.

Amòfin Tòótọ́ ń fèsì:

Ẹ jẹ́ kí n mú owó wọ inú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ibẹ̀ ni ojú àwọn alábẹ̀wò ti sábà máa ń fọ́. Níbi tí ẹni tó ń wá ọmọ bá ti ń gbowó lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá rí, tí òun náà sì ni ó ń kọ ìtàn ọmọ náà sínú ìwé, ìtàn yóò máa bá owó lọ. Ní Memphis, ní Amẹ́ríkà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Georgia Tann darí ilé ìsọdọmọ kan láti àwọn ọdún 1920 títí di 1950. Ó ń gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn òtòṣì, nígbà mìíràn pẹ̀lú irọ́ pé ọmọ ti kú, ó ń yí orúkọ àti ọjọ́ ìbí padà, ó sì ń tà wọ́n fún àwọn olówó ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Adájọ́ ilé ẹjọ́ ọmọdé kan ló ń ràn án lọ́wọ́. Ọdún 1950 tí ìjọba ìpínlẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú àṣírí rẹ̀ náà ló kú.

Ní Guatemala, kí òfin tuntun tó jáde ní ìparí ọdún 2007, akọ̀wé òfin aládàáni lè parí ìsọdọmọ láìsí àṣẹ adájọ́, àwọn ọmọ tó sì lọ sí Amẹ́ríkà láti ibẹ̀ lé ní 4,000 lọ́dún kan. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ìgbìmọ̀ òtítọ́ àti ìlàjà ní Gúúsù Kòríà kéde pé ìjọba orílẹ̀-èdè náà ló jẹ̀bi: ó fi ìsọdọmọ òkè òkun lé àwọn iléeṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, kò sì bojú wẹ̀yìn, wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé pé a rí ọmọ he nígbà tí òbí rẹ̀ wà láàyè. Láti àwọn ọdún 1950, àwọn ọmọ tó bá ọ̀nà yìí lọ lé ní 140,000. Oṣù keje ọdún 2025 ni ìjọba tó gba iṣẹ́ náà sọ́wọ́ ara rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ń gbé orúkọ ọmọ mìíràn kiri, torí pé ìwé ọmọ tó kú tàbí tí òbí rẹ̀ gbà padà ni wọ́n fi rán òmíràn nínú wọn lọ.

Àdéhùn Hague ti ọdún 1993, lórí ìsọdọmọ láàrin orílẹ̀-èdè kan àti òmíràn, ni wọ́n fi dí ihò yìí. Ó ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní aláṣẹ àgbà kan fún ọ̀rọ̀ náà; ìyá kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí ìwé àfi lẹ́yìn tó bá ti bímọ; owó kò gbọdọ̀ ra ìfọwọ́sí; ẹni tó fẹ́ gba ọmọ kò sì gbọdọ̀ bá òbí ọmọ pàdé kí ètò tó débẹ̀. Abala 32 ní kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ jẹ èrè àìtọ́ lórí iṣẹ́ náà. Ó dára. Ṣùgbọ́n òfin yìí ń ṣọ́ ìrìn ọmọ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn ni. Ọmọ tí wọ́n gbé láti àdúgbò kan sí èkejì nínú orílẹ̀-èdè kan náà, òfin ilé ló kù tí yóò ṣọ́ ọ.

Alábẹ̀wò:

Amòfin, ẹ jẹ́ kí n fi kókó kan tì í lẹ́yìn. Àbójútó kì í ṣe ọ̀tá ìrànlọ́wọ́. Ní Bucharest, ní orílẹ̀-èdè Romania, ní nǹkan bí ọdún 2000, àwọn onímọ̀ mú ọmọ ọwọ́ 136 láti inú àwọn ilé ìtọ́jú tó kún àkúnya níbẹ̀, wọ́n pín wọn sí méjì. Àwọn kan lọ sílé alágbàtọ́, àwọn yòókù ń gba ìtọ́jú bí wọ́n ṣe ń gbà á. Àwọn tó lọ sílé alágbàtọ́ já fáfá ju àwọn tó kù lọ, pàápàá àwọn tó lọ kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í sábà sọ ni pé àwọn alágbàtọ́ náà ní òṣìṣẹ́ tó ń wá sọ́dọ̀ wọn déédéé, tí wọ́n lè pè nígbà tí ọmọ bá ń sunkún lóru. Ìyá Ẹ̀bùn, ohun tí ẹ pè tí ẹ kò rí nìyẹn.

Ọmọ Ilé Kẹta ń fèsì:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òwúrọ̀. Ilé mẹ́ta ni mo gbé kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ilé kẹta ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Àwa ọmọ mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. A máa ń mọ ọjọ́ tí alábẹ̀wò ń bọ̀, nítorí pé ọ́fíìsì wọn máa ń pe ọ̀gá wa ṣáájú. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n á mú bẹ́ẹ̀dìṣíìtì mẹ́rin jáde, aláwọ̀ sánmà, tí ìlà tí wọ́n fi ká a nínú ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ ọ̀gá, wọ́n á sì sọ fún wa bí a ó ṣe dáhùn bí wọ́n bá béèrè ẹni tó ń sùn sórí èwo. Èmi ni mo ni ti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Mo há a sórí dáadáa. Yàrá ẹrù ni à ń sùn, lórí ẹní, àwa mẹ́fà.

Alábẹ̀wò náà kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó máa ń rẹ́rìn-ín sí wa, ó sì mú ìwé àwòrán wá fún wa lẹ́ẹ̀kan. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, á wo bẹ́ẹ̀dì, á fi àmì sí ìwé rẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ni mo rí i. Àwọn bẹ́ẹ̀dìṣíìtì náà máa ń padà sínú ọ̀rá kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìyá Ẹ̀bùn:

Ọmọ mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo fẹ́ kó ọ̀rọ̀ mi ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá jẹ báyìí. Ẹni tó ṣí fìríìjì mi, mo bínú sí i fún ọdún kan. Ǹ bá fẹ́ kí ẹnì kan ṣí yàrá ẹrù yẹn.

Adúrótọmọ:

Ọmọ Ilé Kẹta, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Alábẹ̀wò, mo rò pé ẹ̀yin náà ti rí ohun tí a lè béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣòfin níbikíbi tí a bá wà: kí ìbẹ̀wò kan nínú méjì má ṣe ní ìkéde ṣáájú, kí ẹni tó ń fún ilé níwèé àṣẹ má jẹ́ ẹni tó ń jèrè lára iye ọmọ tó wà níbẹ̀, kí ọ̀rọ̀ ọmọ sì wọ inú ìwé bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde. Kí fáìlì má sì máa di títì lọ́jọ́ tí ilé ẹjọ́ bá lu òǹtẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé nínú ilé náà ni mo fẹ́ bi léèrè kí n tó kọ ohunkóhun ránṣẹ́. Obìnrin tó wá nígbà mẹ́rin yẹn, kí ni ó yẹ kí ó bi yín?

Ọmọ Ilé Kẹta:

Mo ti rò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bó bá bi mí bóyá wọ́n ń tọ́jú mi, ǹ bá ní bẹ́ẹ̀ ni. Bó bá bi mí bẹ́ẹ̀dì tó jẹ́ tèmi, ǹ bá nàka sí ti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mo ti há a sórí. Ì bá má béèrè ohunkóhun. Ì bá kàn ní kí n lọ mú ohun kan tó jẹ́ tèmi wá, aṣọ ìsùn mi tàbí ìwé mi, kí ó sì máa tẹ̀ lé mi. Kò sí nǹkan kan tèmi nínú yàrá tó ní fèrèsé yẹn. Ẹsẹ̀ mi ì bá ti gbé e dé yàrá ẹrù kí n tó rántí pé wọ́n ní kí n má lọ síbẹ̀.